Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Ọbẹ̀ Ló Ń Bọ́, Kì í Bọ́ Òkèlè

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn wá láti ọwọ́ abilékọ kan ní Mọ̀bálùfọ̀n, Ìjẹ̀bú-Òde. Òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta kó wá láti Èkó sínú ilé tí wọ́n kọ́ sórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì. Òrùlé páànù ilé náà jẹ́ mítà 12 sí mítà 10. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ ilé, ibi ìgbọ́kọ̀sí, kànga àti kòtò sókàwéè kúrò, ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀yìnkùlé kò ju mítà 10 lóòró àti mítà 6 níbùú lọ. Ó kọ̀wé pé àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, nítorí náà òun fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, òun fẹ́ sin adìẹ bùrọ́ílà, ẹja àrọ̀ àti ìgbín, òun sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá ó ṣeé ṣe kí ilé àwọn má nájà ní Òkè-Ajé mọ́, àti ohun tí ó yẹ kí òun kọ́kọ́ náwó lé.

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú oríire ilé tuntun. Èsì mi ní ṣókí ni pé ẹ kò ní lè fi Òkè-Ajé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń rà níbẹ̀ lè dín kù gan-an. Ilẹ̀ tó mọ báyìí lè bọ́ ìkòkò ọbẹ̀ yín láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kejìlá, kí ẹ sì máa rí ẹyin jẹ lé e. Kò lè bọ́ òkèlè yín fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń jèrè ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àwọn tí kò bá gbà á ni mo máa ń bá lẹ́yìn ọdún kan tí koríko ti bo ọgbà wọn, tí wọ́n sì ń sọ fún mi pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kò bá ìlú mu.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò ẹ̀gẹ́ náà. Mítà kan sí ara wọn ni a ń gbin ẹ̀gẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀yìnkùlé yín kò ní gbà ju 60 ìdí lọ, bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbin ohun mìíràn síbẹ̀. Bí ìdí kọ̀ọ̀kan bá ta kílò 2, èyí tí kò burú rárá fún ilẹ̀ àárín ìlú, kílò 120 ni ẹ óò wú lẹ́yìn oṣù 10 sí 12. Nígbà tí ẹ bá ti bó o, tí ẹ rìn ín, tí ẹ dì í sínú àpò tí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́, tí ẹ sì jẹ́ kí ó lo ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe gbọ́dọ̀ kan, ohun tí yóò kúrò nínú agbada kò ní ju kílò 25 sí 30 lọ. Ẹni márùn-ún tó ń jẹ ààbọ̀ kílò gàrí lójúmọ́ yóò jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù méjì. Ẹ ti fi ilẹ̀ ọdún kan gbáko san owó oúnjẹ oṣù méjì, ní agbègbè tí a ti ń yan gàrí tí gbogbo Nàìjíríà ń wá, tí ẹ sì lè fi mọ́tò kékeré lọ ra á lọ́wọ́ ẹni tó yan án ní abúlé. Ọ̀rọ̀ àgbàdo kò yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i bí ó ṣe ń ta, ẹ gbin ìdí mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ó parí síbẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀fọ́ wé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni tẹ̀tẹ̀ ń lò kí ó tó ṣeé já. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan lóòró lóníbùú, bí ilẹ̀ náà bá lọ́ràá, kì í mú kéré sí kílò kan jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì tún lè gbin ún ní ọjọ́ kejì ìkórè. Ẹ̀fọ́ sì ni ohun tí à ń rà lójoojúmọ́, òun ló máa ń rọ kí a tó gbé e délé, òun àti ata ni owó wọn máa ń fò sókè jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ti dàgbà yóò rántí ètò Operation Feed the Nation tí ìjọba gbé jáde ní 1976, ọdún kan náà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, nígbà tí wọ́n rọ gbogbo ènìyàn láti gbin nǹkan sí ilẹ̀ tó bá ṣófo ní àyíká wọn. Bí ẹ bá wọ ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lónìí, ewúro, ẹfinrin, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni ẹ óò bá níbẹ̀. Àwọn onílé wọ̀nyẹn kò ṣe ìṣirò kankan, síbẹ̀ ohun tó yẹ ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀.

Kí a tó dé orí irúgbìn, omi ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí ọgbà ìlú tí mo rí tó kú, omi ló pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe kòkòrò. Òjò kò wọ́n wa ní Ìjẹ̀bú. Nǹkan bíi mìlímítà 1,500 ló ń rọ̀ lọ́dún, ó sì pín sí ọ̀nà méjì: àkọ́rọ̀, tó máa ń le jù ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, àti àrọ̀kúrò, tó máa ń le ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, tí òjò sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ láàárín wọn ní oṣù kẹjọ. Láti àárín oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, òjò tí a lè gbára lé kò sí. Mìlímítà òjò kan tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ mítà kan lóòró lóníbùú jẹ́ lítà omi kan géérégé. Nítorí náà, òjò mìlímítà 20, èyí tí kì í pẹ́ rọ̀ ní oṣù kẹfà, yóò da lítà 2,400 sílẹ̀ láti orí páànù yín. Bí a bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù àti èyí tí gọ́tà kò gbà, lítà 1,900 ó lé díẹ̀ ni yóò kù. Táǹkì oníke tó ń gba lítà 2,000 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ ilé tí ó ń ra omi táńkà ní oṣù keje nígbà tí irú omi yìí ń ya ojú ọ̀nà wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi tó bá wá láti orí páànù ni kí ẹ gbà. Ẹ gun àkàbà ní òpin oṣù kejì kí ẹ wo ojú páànù yín: erùpẹ̀ ọyẹ́ yóò ti bò ó, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti ọmọńlé yóò wà níbẹ̀, ewé igi tó wà nínú ilé aládùúgbò yóò ti jẹrà sínú gọ́tà. Òjò méjì àkọ́kọ́ nínú ọdún, ẹ jẹ́ kí ó fọ òrùlé, kí ẹ má gba ìkankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ẹnu páìpù náà kúrò lórí táǹkì kí omi àkọ́kọ́ lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fún òrùlé tó tóbi bíi tiyín, ó kéré tán, ohun tó kún kẹ́ẹ̀gì 20 lítà mẹ́ta ni kí ẹ dà nù kí ẹ tó dá páìpù padà. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì oníhò wínníwínní bo ẹnu táǹkì, kí ẹ sì so ó pinpin, nítorí ẹ̀fọn kò nílò ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ láti inú ẹyin títí tí yóò fi fò.

Ní ti kànga yín, ohun kan wà tí àwọn tó ń ta ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kì í sọ. Mítà 30 ni ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ pé ó yẹ kó wà láàárín kànga tí a ń mu omi rẹ̀ àti sókàwéè. Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 18. Bí ẹ bá tilẹ̀ gbẹ́ kànga sí igun kan tí ẹ sì gbẹ́ sókàwéè sí igun tó kọjú sí i, kò ní pé mítà 26, kí a má tíì sọ ti sókàwéè aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri. Nítorí náà, omi kànga náà dára fún ọgbà, fún ìfọṣọ àti ìwẹ̀. Èyí tí ẹ óò bá mu, ẹ máa sè é kí ó hó, pàápàá nígbà òjò tí omi inú ilẹ̀ máa ń gòkè. Kí ẹ má ṣe tàn ara yín pé omi tó mọ́ gaara lójú ti mọ́ náà nìyẹn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má gbìyànjú láti fi omi rin gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ̀fọ́ ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 5 lójúmọ́ fún mítà kan lóòró lóníbùú nígbà tí oòrùn bá mú. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé yín yóò gba lítà 300 lójúmọ́, kò sì sí ẹni tí yóò fa ìyẹn láti inú kànga ní oṣù kejì tí kò ní kórìíra ẹ̀fọ́. Ẹ dín in kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin ilẹ̀ náà, ibi tó súnmọ́ kànga jù, kí ẹ fi ewé gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ ibi tó kù. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà dára fún ẹ̀fọ́. Omi ìwẹ̀ àti ti ìfọṣọ tó ní ọṣẹ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ máa darí rẹ̀ sí. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́ta tó ń mu omi ilé ìwẹ̀ kì í mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé.

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ilé tuntun kì í ṣe ilẹ̀ mọ́ ní òtítọ́: yanrìn, ẹ̀kú búlọ́ọ̀kù, ìdọ̀tí sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ pupa tí wọ́n gbẹ́ jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ló wà lókè rẹ̀. Ẹ ṣa òkúta àti sìmẹ́ǹtì kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ ní àyè méjì: ẹ lè bu ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbó sí i, kí ẹ ro ó pọ̀ di ebè gbọọrọ tó fẹ̀ ní mítà kan, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ lo àpò ìrẹsì. Fún àpò, ẹ po erùpẹ̀ dúdú òkè ilẹ̀ ọ̀nà méjì mọ́ ìgbẹ́ ẹran tó ti gbó ọ̀nà kan, kí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó irúgbìn. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kí ẹ jẹ́ kí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, títí tí òórùn rẹ̀ tó máa ń ta síni lójú yóò fi lọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú pọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dà á sínú ilẹ̀ ní tútù, ewé ẹ̀fọ́ yín yóò pọ́n, nítorí jíjẹrà rẹ̀ ni yóò máa gba oúnjẹ tó yẹ kí ẹ̀fọ́ jẹ. Abẹ́ adìẹ ni ààyè rẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ adìẹ tí ẹ bá ń tò lé ara wọn ní igun kan, tí ẹ ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò di ajílẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ má kó egungun àti oúnjẹ olóróró sí i, àfi bí ẹ bá fẹ́ máa sin eku.

Ní báyìí, kí ni kí ẹ gbìn? Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kì í béèrè nǹkan púpọ̀: ẹ fi igi ewúro àti ti ẹfinrin gún ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kí ẹ ri gbúre sí ibi tí iboji bá wà. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní ìyànà-ìpájà náà dára fún ògiri, igi rẹ̀ máa ń hù wéré, kì í sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ó ní májèlé bí ẹ̀gẹ́ ṣe ní in: ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ ní tútù, ẹ sì gbọ́dọ̀ sè é fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí ẹ pín ààrin ọgbà sí ebè mẹ́rin fún tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá. Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ni pé wọn kì í pín ọjọ́ ìgbìn. Bí ẹ bá fọ́n gbogbo tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ kan, gbogbo rẹ̀ ni yóò tó jẹ lọ́jọ́ kan, ẹ óò sì máa pín in kiri àdúgbò. Ẹ fọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ebè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fọ́n ìkẹrin, ti àkọ́kọ́ yóò ti tó já. Ṣọkọ ní tirẹ̀, ẹ má fà á tu. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e ní bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ilẹ̀, yóò sì tún yọ ẹ̀ka.

Ewédú nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbìn tí kò ní hù, tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ta èso fún wọn. Èèpo èso ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ di ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ gbìn sínú àkísà funfun kékeré, kí ẹ sì fi òwú so ẹnu rẹ̀. Ẹ gbé omi kaná títí yóò fi hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ ri èso inú àkísà náà bọ inú rẹ̀ fún ìwọ̀n tí ẹ fi lè ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì gbé e bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí oòrùn kò ti mú kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ọwọ́ yín má bàa da púpọ̀ sí ojú kan. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò yọ bí irun orí ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ẹ óò máa já a.

Ata rodo ni olówó ọgbà yìí, òun sì ni kí ẹ fi àpò ṣe. Ẹ fọ́n èso rẹ̀ sínú abọ́ ní oṣù kẹta, ẹ fi ewé ọ̀pẹ ṣíji bò ó, kí ẹ lọ́ ọ sínú àpò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀. Nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá lọ́ ọ ni ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Bí igi kan bá rọ lójijì lọ́sàn-án nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, àìsàn inú ilẹ̀ ni. Ẹ fa òun àti erùpẹ̀ rẹ̀ jáde kúrò nínú ọgbà, kí ẹ má sì gbin ata, ìgbá tàbí tòmátì sínú erùpẹ̀ yẹn mọ́. Nípa tòmátì, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ gbàgbé rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Òjò àti ooru tiwa kì í jẹ́ kí ó sinmi, oko òkè ọya ló bá lára mu jù. Fún kòkòrò, ẹ re ewé dóńgóyárò mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ máa fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Oògùn aáyán inú ìgò kékeré tí àwọn kan máa ń fọ́n sí ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà tí àwọn ọmọ yín yóò jẹ nínú rẹ̀.

Òkèlè kan ṣoṣo ni mo gbà láàyè, òun náà kì í sì í ṣe òkèlè tán: ewùrà. Ẹni tó bá wà ní Ìjẹ̀bú tí kò ní ewùrà nílé fún ìkọ́kọrẹ́, ara rẹ̀ kò tíì dé láti Èkó. Ẹ gbìn ín sínú àpò ìrẹsì ní oṣù kẹrin, àpò bíi mẹ́fà, lẹ́bàá ògiri kí itàkùn rẹ̀ lè gun okùn tí ẹ bá ta sókè. Kì í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀fọ́ rárá. Nígbà tí ewé rẹ̀ bá pọ́n tó sì gbẹ, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, ẹ kò nílò ọkọ́ tàbí àdá. Ẹ kàn fi abẹ́ la ẹ̀gbẹ́ àpò náà.

Ó ku àwọn ẹran ọ̀sìn. Ẹ fi bùrọ́ílà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń lò, gbogbo rẹ̀ ló ń tó pa lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ẹ óò nílò fíríjì ńlá àti iná tí kì í lọ. Ìyẹn iṣẹ́ ajé, kì í ṣe oúnjẹ ilé. Adìẹ ẹlẹ́yin, tí àwọn olùsìn ń pè ní léyà, ló bá yín mu. Ẹ ra mẹ́wàá tó ti tó ọ̀sẹ̀ 16 sí 18, kí ẹ má ra òròmọdìẹ ọjọ́ kan, nítorí iná, ooru àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbà ọmọdé wọn ti kúrò lọ́rùn yín. Ẹ kò nílò àkùkọ. Adìẹ yóò yé láìsí àkùkọ, ẹyin náà kò kàn ní pa ni, àwọn aládùúgbò yóò sì rí oorun sùn. Ilé tó fẹ̀ tó mítà méjì lóòró, mítà kan ààbọ̀ níbùú, tó sì ní lẹ́búlẹ́bú pákó gbígbẹ nílẹ̀, tó wọn.

Èyí ni ìṣirò wọn, ẹ fi owó ọjà tó bá wà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà wọ́n sí i. Adìẹ kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 120 lójúmọ́. Mẹ́wàá yóò jẹ kílò kan ó lé díẹ̀, àpò oúnjẹ kílò 25 yóò sì tó wọn fún bí 20 ọjọ́. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá ń yé méje lójúmọ́, ẹyin 140 ni ẹ óò kó, ìyẹn kíréètì mẹ́rin ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Bí owó àpò oúnjẹ kan bá kéré sí owó kíréètì mẹ́rin, ẹ sin wọ́n. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa ra ẹyin lọ́wọ́ àwọn olùsìn adìẹ, kí ẹ lọ bẹ ìgbẹ́ adìẹ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Èèpo iṣu àti oúnjẹ àjẹkù kò lè rọ́pò oúnjẹ àpò fún adìẹ ẹlẹ́yin. Bí ẹ bá fi bọ́ wọn, wọn yóò dáwọ́ ẹyin dúró. Ẹ má sì jẹ́ kí oṣù kọkànlá bá yín láì tíì fún wọn ní àjẹsára lùkúlùkú, àìsàn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, nítorí ìgbà ọyẹ́ ni ó máa ń pa adìẹ tán nínú àgọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oníṣègùn ẹran ni kí ó sọ iye àti ìgbà tí ẹ óò fún wọn, kì í ṣe ẹni tó ta adìẹ náà.

Ìgbín rọrùn, kì í pariwo, ewé ìbẹ́pẹ sì ni oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba ju ọdún kan lọ kí ó tó tóbi tó jẹ, ìjàlọ sì lè pa gbogbo rẹ̀ ní òru kan. Ẹ gbé àgọ́ rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ tó dúró nínú agolo ọ́ìlì mọ́tò dúdú. Ẹja àrọ̀ ńkọ́? Táǹkì lítà 1,000 lè gba bí 40, ó sì ń gba oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pé kílò kan, àmọ́ omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí padà lemọ́lemọ́, èyí tó tóbi a sì máa gbé èyí tó kéré mì bí ẹ kò bá ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Omi tí ẹ bá ń dà nù nínú rẹ̀ jẹ́ ajílẹ̀ tó dára fún ẹ̀fọ́. Èyí kò tó ìdí láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún yìí.

Fún èso tó dára, àjọ NIHORT tó wà ní Ìbàdàn láti 1975 ló ń ṣe ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso jíjẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ OGADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Ògùn, náà wà, Ìjẹ̀bú àti Ìkẹ́nnẹ́ sì wà lára ẹkùn mẹ́rin tí wọ́n pín iṣẹ́ wọn sí nínú ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú ewé tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́, ẹ má fi ẹnu júwe rẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ náwó lé, gọ́tà àti táǹkì ló ṣáájú, kí wọ́n sì ti wà nílẹ̀ kí oṣù kẹta tó parí. Ẹ̀yìn wọn ni géètì tí ewúrẹ́ kò lè tì wọlé, nítorí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ewúrẹ́ aládùúgbò máa ń mọ ọjọ́ tí ẹ̀fọ́ yín tó jẹ ṣáájú ẹ̀yin gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbó, àpò àti èso, tí gbogbo wọn kò tó owó táǹkì. Ẹ jẹ́ kí adìẹ di oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ẹ̀fọ́ yóò ti mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹja, ẹ dá a dúró títí di ọdún tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ojú ara yín rí iye omi tí kànga yín ń sun ní oṣù kejì.